Ẹja tí Ṣadé Mú Nínú Ìkòkò Mi

Ọjọ́bọ̀, ní Itele

Ó rẹ̀ mí. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ fẹ́ di bírò mú.

Lánàá ni mo fẹjọ́ Ṣadé, ọmọ ayálégbé mi, sun ìyá rẹ̀ pé ó jí ẹja nínú ìkòkò mi. Ìyá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó dé ni. Wáyà ló fi nà án. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Kọ́ ọ dáadáa."

Lọ́sàn-án òní mo gbọ́ ẹkún nínú yàrá wọn, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àbúrò Ṣadé, tí ò tíì pé ọdún méjì, nìkan ló wà níbẹ̀ látàárọ̀, ìtọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

Ṣadé ti ilé ìwé dé, ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, òun ni mo fún ní ẹja yẹn. Ẹ má bínú."

"Ìwọ wá ńkọ́, kí lo jẹ?"

Ó gbé àbúrò rẹ̀, ó ń nu ìtọ̀ ara rẹ̀.

Ebi ni ti kékeré. Ti ẹ̀gbọ́n, ebi àti ẹgba.

Mo bọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìyá wọn dé, mo kojú ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ́ ọ."



Lọ́la màá lọ bá àwọn wẹ́fíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé l'Ọ́tà. Màá sọ ti ilẹ̀kùn, màá sọ ti wáyà, màá sì sọ orúkọ ẹni tó jókòó wòran.