Fáìlì Tí Wọ́n Tì Mọ́ Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kó má jẹ́ kí o ṣìnà láàárín èrò. Àwa náà wà, a ń mí. Òrùlé ilé ìdáná tún ti ń jò, adìyẹ ìyá rẹ sì pa ọmọ mẹ́jọ. Ojú ń tì mí láti kọ ìyókù, àmọ́ bí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíì á sọ ọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o gbé wá sí yàrá ìkàwé wa ni. O rántí pé o fún èmi, tíṣà àti nọ́ọ̀sì ní orúkọ tí kálukú wa ń fi wọlé, o sì ṣe ibì kan tí a jọ ń kó fáìlì sí. Mo ń ṣí ti tíṣà, mo ń rí orúkọ àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ ti nọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà á ní òun ò yọ̀ǹda fún mi. Mo rò pé kò dá mi mọ̀ ni. Mo nu ojú rẹ̀, mo lọ wọ aṣọ tó dáa, mo dé fìlà, mo padà wá jókòó síwájú rẹ̀, mo sì rọra sọ fún un pé èmi ni bàbá ẹni tó rà á. Ó tún kọ̀.

Inú bí mi. Mo pe tíṣà, torí òun lo fi ṣe ọ̀gá kọ̀ǹpútà, òun nìkan ló lè ṣí ohun tí wọ́n bá tì. Ó ní fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, àwọn kan wà tí onítọ̀hún fẹ́ kó rí i, ará ìta sì ni àwọn yòókù, pé ará ìta lèmi jẹ́ sí ti nọ́ọ̀sì. Èmi! Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kan tábìlì tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà lórí rẹ̀! Mo pariwo mọ́ ọn, mo ní ṣé ọmọ tí mo lè bí ni yóò máa pè mí ní ará ìta, kó yáa ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó bẹ̀ mí títí, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ló wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́. Nígbà tó sú u, ó ṣí i.

Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á, ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ ìyá rẹ. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣókùnkùn láti oṣù méje, tòsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé aláìsàn ní kí ọkọ òun má gbọ́.

Kí n tó gbé ara ńlẹ̀, àwọn tó wá kàwé ti kà á tán. Bíríkìlà kan tí wọ́n kà níbẹ̀ pé ó ní ìpá kò jáde nílé mọ́ látìgbà náà. Nọ́ọ̀sì sunkún níwájú mi. Tíṣà ti tì í padà, àmọ́ wọ́n ti kà á.

Mo bi ìyá rẹ pé kí ló dé tó fi pa á mọ́ fún mi. Ó ní ọjọ́ tí òun sọ fún mi pé òun ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ láti ki òwú bọ̀ ọ́, mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe òun, mo sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí rárá. Òun rántí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Má fi í sínú fóònù mi, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, owó lè bá a lọ. Kí o sì bá mi bẹ ìyá rẹ kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun, torí ó ní nọ́ọ̀sì ni yóò mú òun lọ.

Ọlọ́run á bùkún ọ. Kò ní jẹ́ kí ẹni tó sún mọ́ ọ jù lọ máa bẹ̀rù àtisọ ohun tó ń dùn ún fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.