Ọkùnrin Onírin Tí Mo Pè Lọ́mọ

Aládé-Ìdànrè,
Ọjọ́ Ajé.

Olúwalóṣèyí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé Èkó ń gbà ọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lábẹ́ òkè níbí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín àjèjì. Àwa náà wà, àfi ojú tó ń tì mí ṣáá, n kò sì lè fi í pamọ́ fún ọ nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Tẹlifíṣọ̀n tí o rà fún mi ló kó mi sí i. Wọ́n ń fi fíìmù àtijọ́ kan hàn, ti ọkùnrin kan tí wọ́n fi irin ṣe. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, mo rò pé ọyẹ́ ló mú ní ìlú wọn. Ọkùnrin yìí máa ń bá ọ̀gá rẹ̀ tọ́jú ọmọ, a máa béèrè bóyá wọ́n ti jẹun, bí inú rẹ̀ bá sì bàjẹ́, iná kékeré tó ń tàn láyà rẹ̀ á rọlẹ̀. Ọ̀gá náà wá ní òun yóò tú u palẹ̀, pé irin kì í ní ọkàn. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, Lóṣèyí. Ibi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ ni àwọn oníná ìjọba ti mú iná lọ, n kò rí ìparí rẹ̀.

Mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà, pé wọ́n fẹ́ tú ẹnì kan palẹ̀. Wòlíì Olúbáyọ̀ ní ọmọ ta ni. O mọ̀ pé wọn kì í gbàdúrà fún ènìyàn níbí láì dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi irin ṣe, níbo ni yóò ti rí ìyá? Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní ọmọ Adétáyọ̀ ni. Ta ni kò sì mọ̀ ní Aládé pé ọmọ kan ṣoṣo ni Adétáyọ̀ bí? Gbogbo ìjọ bú sẹ́kún, wọ́n gbààwẹ̀ fún ọ. Ìyá Ẹwàolúwa tó ní ọgbẹ́ inú gba ààwẹ̀ náà títí òòyì fi gbé e nínú oko kòkó. Àwọn ará Atosin tó múlé tì wá gbé iṣu wá tù mí nínú, mo sì ti jẹ ẹ́.

Ì bá sàn ká ní ó mọ níbẹ̀. Wọ́n ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni ò ń ṣe, irú ènìyàn wo ni ọ̀gá rẹ, ta ni ò ń bá gbé. N kò mọ ọ̀kankan. Nígbà tí wọn kò dákẹ́, mo ní ò ń bá ọ̀gá kan tọ́jú ọmọ, pé ọ̀gá náà kò láàánú. Ti ọkùnrin onírin ni mo ń sọ fún wọn, torí tirẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Èyí ló dùn mí jù.

Wòlíì ní àdúrà ti gbà, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ fún ìdúpẹ́. Bí o bá lè wá, wá kí wọ́n rí ọ lódidi. Bí kò bá ṣeé ṣe, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra àbẹ́là àti èso, kí n lè rí nǹkan mú dání nígbà tí mo bá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ.

Olúwa yóò máa bá ọ jáde, yóò máa bá ọ wọlé. Oúnjẹ òógùn rẹ kò ní di ti ẹlòmíràn. Wàá rí ẹni tí yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́ kọ̀wé, kí o sọ bí ayé rẹ ṣe rí fún mi, torí mo ń kúnlẹ̀ ní àràárọ̀ nítorí rẹ, n kò sì mọ ohun tí mo lè tọrọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adétáyọ̀.