Àìsàn Ráńpẹ́ Tí Ẹ Kọ Fún Gbogbo Èèyàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí mo ń bá bínú,

Ìwé ìròyìn tí wọ́n kéde ikú yín sí dé Adó láàárọ̀ àná. Mo ra ọ̀kan ní ìkóríta Fájuyì, mo sì kà á lórí ìdúró. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ náà ni wọ́n kọ, pé ẹ jáde láyé lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ráńpẹ́ kẹ̀? Ọdún méjì tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún yín fi rọ, tí mo ń fi ṣíbí bọ́ yín, tí mo ń yí yín padà kí ẹ̀yìn yín má baà dégbò?

Mo wá Bọ̀dé lọ, ẹni tó gba iṣẹ́ akọ̀ròyìn lọ́wọ́ yín nígbà tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀. Kó tó kọ ìkéde yìí, èmi fúnra mi ni mo sọ ohun tó máa kọ fún un, òtítọ́ ni mo sì sọ. Mo bú u lójú títì débi pé àwọn awakọ̀ dúró wò wá. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Uṣẹ́ tí Bàbá kọ́ mi ni mo ṣe.”

Òótọ́ ló sọ. Ṣebí ojú mi ló ṣe? Àwọn ará ìlú wa, Ìjàn, máa ń wá bá yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí ẹ bá àwọn kéde òkú àwọn. Ẹ máa fún wọn ní àga, ẹ máa bá wọn kẹ́dùn, ẹ ó ti gíláàsì ojú yín sókè, ẹ ó wá máa fi ìka méjì tẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Obìnrin kan sọ fún yín pé láti ọyẹ́ kan dé òmíràn ni ọkọ òun fi wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ mi orí, ẹ kọ ọ́ ní ráńpẹ́. Mo fẹ́ràn àtimáa wo ìka yín nígbà yẹn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó yín.

Àfi ìgbà tó kan Màámi. Ọdún mẹ́ta ni àrùn ọmú fi jẹ ẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Bó bá ti ń ké, ẹ̀yin náà á máa tẹ ẹ̀rọ yẹn kíkankíkan. Nígbà tó kú, ẹ kọ ráńpẹ́ fún òun náà. Ta ni ẹ ń bo àṣírí fún? Ṣé ìtìjú ni kéèyàn pẹ́ lórí ibùsùn? Àbí ẹ kò fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi yín léèrè ohun tí ẹ ṣe fún un ní gbogbo ọdún yẹn? Nígbà tó wá kàn yín, tí ahọ́n yín kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣé ó ṣe ráńpẹ́ lára yín?

Mo ń ṣàárò yín, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú.

Ìkéde ìrántí ikú Màámi ku oṣù kan. Bọ̀dé kọ́ ló máa kọ ọ́. Èmi ni màá kọ ọ́, màá gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà n'Íbàdàn fúnra mi, màá sì jókòó tì wọ́n títí wọn ó fi tò ó sójú ìwé tán. Kò gùn rárá. Ó ṣàìsàn pẹ́. Ó jẹ̀rora. Ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì dárí jì yín.