Ẹ̀rọ Tó Ń Sinmi Lórí Bẹ́ẹ̀dì Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ẹni tó bá ní kí o má rọ́wọ́ mú, òun gan-an ni kò ní rọ́wọ́ mú. Àlàáfíà ni èmi wà. Ti ìyá rẹ, màá débẹ̀ láìpẹ́.

Ohùn rẹ tí o ká sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù télọ̀ ilé kejì ti dé etí mi. Mo ń dá ọ lóhùn bí o ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n o ò tilẹ̀ dúró gbọ́ tèmi, o kàn ń sọ tìrẹ lọ ni. Télọ̀ tún un tẹ̀, o tún sọ nǹkan kan náà, o ò yí ọ̀rọ̀ padà rárá. Ìyẹn wú mi lórí.

O ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé tí koríko ò hù mọ́, kí n má kàn gbé ẹ̀rọ ìgékoríko tí o rà fún mi jù sẹ́yìn ilé bíi ti èṣí, tí bẹntiróòlù fi dì sínú rẹ̀, tó kọ̀ tí kò jí mọ́ nígbà tójò dé. O ní kí n fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí o, kéèyàn fẹ́ lọ sinmi kó má jẹun, ṣùgbọ́n mo fà á. O ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbé ọ́ìlì tuntun sóòrùn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí inú má baà máa run ún. Mo ha koríko tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, mo fi ọṣẹ ìwẹ̀ wẹ̀ ẹ́, mo sì fi ìpara ìyá rẹ pa ọ̀bẹ rẹ̀ kó má baà sán.

Wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. O ní kí n gbé e síbi tó gbẹ, kí n bò ó dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo òrùlé ilé yìí ló ń jò, àfi ti yàrá èmi àti ìyá rẹ. Ilẹ̀ yàrá náà sì tutù. Ni mo bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí ìyá rẹ máa ń sùn sí, mo fi kúbùsù rẹ̀ bò ó. Ìyá rẹ wọlé, ó ní kí lèyí? Mo ní ọmọ ẹ ló ní ká ṣe é. Ó ní ṣé ọmọ òun ló ní kí òun máa sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀? Mo ní kó fara dà á, tójò bá ti dé, ẹ̀rọ á dìde. Háà! Ṣé mo bú u ni? Ó di ẹrù, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní bá ẹ̀rọ du ọkọ, kí n mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Ọmọ mi, ilé ò dùn. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kí ẹ̀rọ yìí, kò dáhùn. Ọbẹ̀ tí mo sè, èmi gan-an ò lè jẹ ẹ́. Àárò ìyá rẹ ń sọ mí gidigidi, mi ò lè purọ́. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra kúbùsù míì fún un, kí o sì bá mi bẹ̀ ẹ́, ìwọ ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Sọ fún un pé mo ti rò ó dáadáa, òótọ́ ló sọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pọ̀ jù fún bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde. Mo sì ti jáde. Kó máa bọ̀ wálé, àyè ti wà fún òun àti ẹ̀rọ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé tìrẹ náà tù ọ́ lára.

Èmi ni bàbá rẹ,
láti ilé ìdáná.