Kí Àlejò Má Wá Lọ́jọ́ Orin

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá 2025

Bùrọ̀dá Jethro tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ Àǹtí Mobọ́lá Oyèníran olórin, mú tíkẹ́ẹ̀tì eré wọn méjì wá. Ọ̀fẹ́. Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù tó ń bọ̀, ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè níbí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Láti ìgbà tí Ayọ̀miídé ọmọ mi ti ń bẹ̀ mí pé ká lọ, kò sówó ni mo fi ń dá a lóhùn. Àwáwí mi ti lọ báyìí. Ó dì mọ́ Bùrọ̀dá Jethro. Mo rẹ́rìn-ín. Àyà mi já.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀jẹ̀ SS. Òtútù ò bá a mu, èrò ò bá a mu, ijó àjójù ò bá a mu. Ibi orin sì rèé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Àlejò ò tíì wá láti Ọdún Àjíǹde. Àlejò ni mo ń pe ìrora ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mi ò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, kó má dà bí ẹni pé mo ń pè é. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ọsibítù gba gbogbo owó tí mo fẹ́ fi ra síìpù àti bọ́tìnì sí ìsọ̀ mi ní Tejúoṣó. Owó kọ́ ló ń dà mí láàmú. Igbe rẹ̀ ni mo ṣì ń gbọ́.

Tó bá ń ké báyẹn, orin Àǹtí Mobọ́lá lórí fóònù ni mo fi máa ń tù ú. Èyí tó kọ fún àwọn obìnrin ẹlẹ́ja Ìwáyà. Bí ọmọ mi ṣe wá fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn — ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo lọ wo gbọ̀ngàn náà. Mo parọ́ fún máìgádì pé mo fẹ́ gbà á fún ìgbéyàwó. AC mẹ́jọ. Mo béèrè bóyá wọ́n lè pa díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ fẹ́ se àwọn èèyàn yín jinná ni?”

Fíríìjì ni mo sọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ó pẹ́ kí Ayọ̀miídé tó ti ibi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba dé. Ó ń rìn jẹ́jẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní bàtà ló há mọ́ òun lẹ́sẹ̀, pé òun yà sílé Husnah ọ̀rẹ́ òun ní Ìwáyà, oorun gbé àwọn lọ. Mo wo ẹyinjú rẹ̀, kò pọ́n. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò gbóná. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ò ṣàìsàn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàtà ni. Màá wá òmíràn fún un nínú òkìríkà.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ètè mi gbẹ láàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Rà: fúláàsì, ẹgbẹ̀rún méje (mẹ́sàn-án ni ẹni tó tà á kọ́kọ́ pè é). Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Súwẹ́tà òkìríkà, bọ́tìnì rẹ̀ kan ti já — wọ́n tìtorí ẹ̀ dín owó rẹ̀ kù, wọn ò mọ̀ pé bọ́tìnì ni mò ń tà.

Lẹ́yìn náà mo mú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Kí n jó wọn, kí n sọ pé eku ló jẹ wọ́n. Mo dúró títí omi fi hó. Mo dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Ayọ̀miídé ń kọrin nínú balùwẹ̀. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 7

A ti padà délé. Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà ò fẹ́ gba fúláàsì wọlé. Ó yẹ súwẹ́tà wò, ó yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ wá sùn ni?” Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Ayọ̀miídé dorí kodò. Mo ní nítorí oògùn ni. Ó jẹ́ ká kọjá.

Fíríìjì ni lóòótọ́. Mo wọ súwẹ́tà fún un, ó bọ́ ọ. Mo tún wọ̀ ọ́ fún un. A jókòó pẹ́ kí Àǹtí Mobọ́lá tó jáde. Ó ti dàgbà. Irun funfun, búbù aláwọ̀ ewé, bàtà pẹlẹbẹ. Àmọ́ nígbà tó la ẹnu — mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ nínú fóònù kékeré látọjọ́ yìí, ó kún gbogbo ilé. Ó mì mí láyà. Odindi orin méjì, mo gbàgbé láti wo ọmọ mi.

Ìkẹta ni orin ẹlẹ́ja Ìwáyà. Ó dé àárín rẹ̀, ó dákẹ́. Ó di ọ̀pá máìkì mú. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Mo mọ ojú yẹn, mo ti rí i lára ọmọ mi. Mo ní ó tán, obìnrin yìí máa kú lójú wa.

Ó sọ ọ́ sínú máìkì: “Orúnkún mi ti dé o. Ẹ gbé àga wá.”

Bó ṣe wí nìyẹn, lójú gbogbo èèyàn, bí ẹni tó ń béèrè omi. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ò dúró. Bùrọ̀dá Jethro àti onílù ń tún ibì kan náà nínú orin ṣe léraléra, wọ́n kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹnìkan ké sí i láti ẹ̀yìn pé, “Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Ó ní, “Pẹ̀lẹ́ kọ́. Ẹ máa pàtẹ́wọ́, kí n lè sinmi.”

Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó ń bá àwọn elégbè tàkúrọ̀sọ. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó mú orin náà ní ibi tó fi í sí, lórí àga.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ayọ̀miídé ń sunkún. Mo ní Àlejò ti dé, mo ti ń ṣí fúláàsì. Ó mi orí. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Ó ń pàtẹ́wọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 8

Àlejò ò wá. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ títí inú fi bí i.

Ọjọ́rú, 10

Kí n rọra kọ ọ́.

A ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án yìí, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí n má pariwo.

“Mọ́mì, ó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta láti Àjíǹde. Ẹ ò mọ̀.”

Èyí tó kẹ́yìn ni ọjọ́ tó ní bàtà há. Ilé Husnah ló dùbúlẹ̀ sí, ó lo oògùn rẹ̀, Husnah ń fún un lómi títí ó fi rọlẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò pè mí. Ṣé nítorí orin ni, kí n má baà ní a ò lọ mọ́? Ó ní ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìdí gan-an.

“Ojú yín ni. Tó bá ti ń dùn mí, ojú yín ni màá máa wò, èmi náà ni màá tún máa tù yín nínú. Ó ń rẹ̀ mí, Mọ́mì.”

Ó ní nígbà tí ìyá yẹn béèrè àga, òun wo gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó fi igbe ta.

Mo dìde kúrò níbẹ̀. Mo lọ fọ aṣọ tí mo ti fọ̀ lánàá. Ìwáyà. Kí ọmọ mi máa kú lọ ní Ìwáyà, kí n wà nínú ọjà kí n máa wọn síìpù fún oníbàárà. Lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sì ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Bùrọ̀dá Jethro ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo bi í bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n tí Àǹtí bá dákẹ́ báyẹn. Ó ní gbogbo ìgbà ló ń bà wọ́n, pé ẹni tó ń tẹ dùùrù tiẹ̀ máa ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò fi dúró.

“Tí a bá dúró, Ìyá Ayọ̀, á sáré dìde. Ibẹ̀ ló ti máa ṣubú.”

Mo wọlé. 

Ọjọ́ Àìkú, 14

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀. A ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sílẹ̀, mò ń to síìpù ní àwọ̀ àwọ̀. Ayọ̀miídé dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Mọ́mì, ó ti bẹ̀rẹ̀. Itan òsì. Kò tíì le.”

Igbe dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Mo fún un lómi, mo fún un ní oògùn, mo fi aṣọ gbígbóná wé itan náà. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní tó bá gun àyà, tàbí tí oògùn ò bá ràn án, ká máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó ọkọ̀ wà lápò mi. Mo bi ọmọ mi pé kí ni kí n tún ṣe. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, àmọ́ kí n má jáde.

Mo jókòó. Pupa sọ́dọ̀ pupa. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé mi ò mọ búlúù yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Mò ń to wọn bẹ́ẹ̀. Mò ń kọ èyí láàárín. Ó kérora lẹ́ẹ̀kan. Mi ò dìde.

Ó la ojú báyìí. Ó wo ojú mi, ó wò ó pẹ́. Ó tún dijú.