Mọ́tò Tí Kò Fẹ́ Ká Kí Èèyàn

Ayọ̀kànmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kùmásí, ṣé ara Ama ìyàwó rẹ ti ń mókun, ṣé ọmọ tuntun ń mu ọmú dáadáa? Ọlọ́run tó fi í jíǹkí wa yóò dá a sí fún wa. Èmi àti Dinah ìyá rẹ wà, iṣu ń tà, orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn, mi ò purọ́.

Fatawu, fítà tó ń bá ọ tún ọkọ̀ ṣe ní Suame, ti gbé mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi dé, a dúpẹ́. Ó fi bọ́tìnnì kan hàn mí lára sítíárì, ó ní tí mo bá ti tẹ iná dé eré tó wù mí, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tò á máa mú eré yẹn lọ fúnra rẹ̀. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń wo bí táyà ṣe ń yí, tá a bá ń gun òkè á fi epo kún un, tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀ á dín in kù. Ṣùgbọ́n kò ríran o, sítíárì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ọmọ gidi nìyí.

Àṣé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo gbé e jáde ní abúlé, mo ní kó máa lọ ní ogójì nítorí ewúrẹ́, ni Nana Kwaku bá yọ. Ṣé kí n kọjá àgbà láìkí i ni? Mo tẹ bíréèkì díẹ̀, mo kí i ní maakye, ẹ káàárọ̀ tiwọn níbí. Láti ìgbà yẹn mọ́tò kò lọ mọ́, àfi kí n fẹsẹ̀ ara mi tẹ iná. Mo tún bọ́tìnnì tẹ̀, ìyá Rashida yọ, mo kí òun náà, mọ́tò tún bínú. Báyìí la ṣe ń bá a lọ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé ará ilé wa ni wọ́n, orúnkún mi sì wú. Mo pe Fatawu, ó ní kì í ṣe ìbínú, ẹni tó bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì ló ń gba iṣẹ́ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ni ìyá rẹ bá ní kí Fatawu wá gbé wa wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé, pé ẹsẹ̀ mi kò ní gbé mi dé. Ó dùn mí. Èmi ni màá sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ, mi ò fẹ́ dé bí ẹrù tí wọ́n gbé wá. Mo bá gbé e lọ sí títì Kùmásí, níbi tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni, mọ́tò ń lọ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi ń sinmi, ìyá rẹ sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó ṣe jí ló ní kí n máa wà á lọ, pé èmi náà ni kí n wa mọ́tò wá lọ́jọ́ Sátidé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ẹtì màá fẹsẹ̀ rìn yí abúlé ká, màá kí gbogbo wọn sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Jọ̀ọ́, fi owó epo ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ, bátìrì tèmi ti fẹ́ kú, mi ò fẹ́ kí owó bá a lọ. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọmọ rẹ á sì wà á jáde lọ́jọ́ kan.

Má jáde wá pàdé wa lójú títì ní Asafo tá a bá wọ Kùmásí o, dúró sílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ó gbé ọmọ náà dání, máa bọ̀. Màá tẹ bíréèkì, kí mọ́tò bínú tó bá wù ú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Cornelius Abọ́dẹrìn