Ẹjọ́ Ọdún Irinṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Nallasivam ní Muscat,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Màmá ń kí yín. Orúnkún wọn ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Poongodi ìyàwó mi náà ń kí yín. Màlúù wa ti bímọ.

Ẹ rántí bá a ṣe máa ń dá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ òwú dúró lọ́jọ́ ọdún irinṣẹ́, tá a ń fi òdòdó bọ irinṣẹ́ wa, tí ẹ̀yin fúnra yín á fọ́ elégédé lẹ́nu ọ̀nà láti lé ibi lọ? Léṣìí, máníjà tuntun ní ká ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo pa ẹ̀rọ mi, mo fi òdòdó sí i.

"Ta ló ní kó o pa á?"

"Ọ̀gá, àní ọdún ẹ̀ là ń ṣe!"

Wọ́n bá lé mi níṣẹ́, wọ́n ní mo hùwà àìtọ́. Mo pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́ọ́yà wọn ní kò sírú àṣà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹ́rìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Lánàá, adájọ́ tún fẹ́ sún ẹjọ́, ó dá ọjọ́ kan. Akọ̀wé rẹ̀ ní, "Ọjọ́ yẹn kọ́ o, kóòtù ò ní ṣí, ọdún irinṣẹ́ ni."

Lọ́ọ́yà ilé iṣẹ́ yẹn kan náà, tó ní kò sírú àṣà bẹ́ẹ̀, ló dáhùn: "Ẹ ṣeun, Olúwa mi. Mo fẹ́ fi òdòdó sí mọ́tò mi."

Kí òrìṣà wa Murugan ṣọ́ yín délé. Mo ti ra elégédé sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kóòtù la ó ti fọ́ ọ.

Àbúrò yín,
Sengodan